Irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú: bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, tí a ń yà á, tí a sì ń fi òwú kó o láìjẹ́ kó já

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti fi rílásà sílẹ̀ ló ń ráhùn pé irun àwọn kì í gùn. Irun ń gùn. Bíi sẹ̀ǹtímítà 1 ló ń yọ lórí wa lóṣooṣù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí ó ṣe ń yọ ní ìdí ló ń já ní ṣóńṣó, ọjọ́ tó sì ń já jù lọ ni ọjọ́ tí a bá tú irun dídì tó ti pẹ́ lórí. A ó tú u tán, a ó da omi lé e lórí, á dì pọ̀, a ó wá mú òòyà, a ó máa fà á tipátipá. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ á kún ọwọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹni náà á ti máa béèrè iye tí wọ́n ń ta rílásà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún: láti ìgbà tí ẹ bá tú irun títí di ìgbà tí ẹ bá fi òwú kó o. Irun tó ká kókó, tó ki, tó máa ń súnkì bí omi bá ti kàn án ni mo ń bá wí. Ẹ ya ọ̀sán kan gbáko sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí òde ní aago mẹ́rin kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Àlùmọ́gàjí tó mú, òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, àti òòyà onírù tí ẹ máa fi la irun. Iṣẹ́ ìlà nìkan ni ti onírù. Kò gbọdọ̀ wọ inú irun láti yà á.
- Ìgò tí ń fín omi.
- Ṣáńpù tàbí ọṣẹ dúdú.
- Kọndíṣọ́nà tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má ra kékeré. Orí kan tó kún lè gba ìdajì ìgò.
- Òróró àgbọn tàbí àdín, díẹ̀.
- Òrí.
- Ohun ìmúrun mẹ́jọ.
- Síngílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó. Aṣọ ìnura ní ìhùnrùn tó máa ń fa irun, ẹ jẹ́ kó wà fún ara.
- Òwú dúdú ìkórun, èyí tó rọ̀. Ẹ yẹra fún èyí tó dà bíi rọ́bà, torí pé ó máa ń di irun mú, bí ẹ bá sì ń tú u, á bá irun lọ.

Ẹyin kò sí nínú ohun tí mo kà yìí, kò sì sí máyónéèsì. Ẹyin tútù kò lè wọ inú irun, bí ẹ bá sì fi omi gbóná ṣàn án, ẹ ó máa ṣa ẹyin jíjinná lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìpele 1: Títú

Omi kò gbọ́dọ̀ kan irun ní ìpele yìí rárá.

Ẹ kọ́kọ́ tú ẹyọ kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé ìdí, kí ẹ lè mọ ibi tí irun tiyín parí sí nínú àtáṣímẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, ẹ gé àwọn yòókù ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Àwọn tó ń fojú inú wọ̀n ọ́n ló ń gé irun ara wọn, torí pé ibi tí ṣóńṣó irun wà lọ́jọ́ tí ẹ dì í kọ́ ló wà lónìí. Irun tó lo oṣù méjì ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sún sílẹ̀.

Bí ẹ bá tú ẹyọ kan kan ìdí, ẹ ó rí ohun kan tó rí bí eérú níbi tí onídìrí ti bẹ̀rẹ̀ sí í di í. Eruku, jẹ́ẹ̀lì àti èépá awọ orí ló pa pọ̀ di ìyẹn, irun tó ti re tí kò rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀ sì ti wé mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ọjọ́ náà wà. Ẹ kán òróró kan ṣoṣo sí i. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rún un títí yóò fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ wá ya irun ibẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ya òwú, kí ẹ tó fa èyí tó ti re jáde láti ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe ẹyọ kan parí kí ẹ tó kan òmíràn.

Ìkìlọ̀: ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á bọ́ sí ilé ìwẹ̀, wọ́n á ní ọṣẹ á fọ èérí náà. Kò ní fọ̀ ọ́. Bí omi bá ti kàn án, irun tó ti re àti irun tó wà láàyè á jọ ta kókó, àlùmọ́gàjí nìkan ló sì máa ń yà wọ́n lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí iye irun tó jáde dẹ́rù bà yín. Fọ́nrán bíi 50 sí 100 ni irun ń re lójoojúmọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ 6 gbé irun dídì yóò rí 2,100 sí 4,200 tó kóra jọ, nítorí pé wọn kò rí ọ̀nà bọ́ láti ọjọ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó re ni tàbí ó já ni, ẹ mú fọ́nrán kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. Èyí tó re ní kókó funfun bíńtín ní ìdí. Èyí tó já kò ní in, ó sì máa ń kúrú. Ẹ ó tún lo àyẹ̀wò yìí níwájú.

Ẹ mọ̀ pé ó tó bí ẹ bá lè fi ìka mẹ́rin wọ inú irun láti ìdí dé ṣóńṣó níbi gbogbo, tí wọn kò kọsẹ̀ lára kókó kankan. Ẹ fara balẹ̀ wo ìpàkọ́ dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń fara pamọ́.

Ìpele 2: Pípín irun

Ẹ pín orí sí ọ̀nà mẹ́jọ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa ṣóńṣó ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì lọ́ ọ ní ìlọ́po méjì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí irun rẹ̀ ki gan-an lè pín in sí méjìlá. Ẹni tó bá fo ìpele yìí, tó fọ orí náà lódindi, ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po.

Ìpele 3: Fífọ̀

Ẹ dúró ṣánṣán kí omi máa ṣàn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ má dorí kodò sínú garawa kí ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì po irun yíká, ìpòpọ̀ yẹn ló ń dì í. Awọ orí ni ẹ ń fọ̀. Ẹ fi orí ìka, kì í ṣe èékánná, rin ín láàárín àwọn irun tí ẹ lọ́. Ìfófòó tó bá ṣàn gba ara irun kọjá ti tó irun náà. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ kì í sábà hó, torí òróró pọ̀ níbẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ọṣẹ dúdú, torí bí àwọn kan ṣe ń yìn ín bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń sá fún un, àwọn méjèèjì sì ní òótọ́ tiwọn. Eérú ló ń mú ọṣẹ dúdú le. Irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣí àwọn ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó bo ara irun sílẹ̀, bí ìgbà tí a bá fi ọ̀bẹ ha ẹja láti ìrù lọ sí orí. Ìpẹ́ tó ṣí á máa há mọ́ ti fọ́nrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irun á le, á sì máa já. Síbẹ̀ ó máa ń fọ awọ orí tó kún fún èérí mọ́ dáadáa. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni èyí:

Ẹ má fi ọṣẹ ra orí tààrà. Ẹ bu ìwọ̀n orí àtàǹpàkò kan sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, nítorí pé iyanrìn eérú máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ da èyí sí awọ orí. Bí ẹ bá ti fi omi ṣàn án kúrò, ẹ po ṣíbí ìjẹun fínígà kan mọ́ ife omi méjì, ẹ dà á gba ara irun, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fi omi ṣàn án. Kíkan fínígà ló ń pa àwọn ìpẹ́ náà dé padà. Bí awọ orí bá ní egbò, ẹ fò ó. Yóò ta yín.

Àwọn kan ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò fínígà. Ẹ má ṣe é bí ẹ bá máa jókòó sí oòrùn lẹ́yìn náà. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lára àti oòrùn lè jó awọ bíi pé omi gbóná dà sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù yín yẹn wà nínú omi tí ẹ fi ń fọrun. Ọṣẹ dúdú pẹ̀lú irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń fi èépá sílẹ̀ lára irun. Ṣáńpù ló dára fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni nílé tí omi kànga rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó.

Ó ti mọ́ bí omi tó ń ṣàn sílẹ̀ bá mọ́, tí awọ orí kò yọ̀ mọ́. Bí irun bá wá ń dún kín-ín-kín lábẹ́ ìka, ẹ ti fọ̀ ọ́ kọjá ààlà. Ẹ dín ọṣẹ kù nígbà mìíràn.

Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ mú fọ́nrán díẹ̀ tó ti gbẹ díẹ̀, ẹ kán omi kan sí i. Bí omi bá jókòó lórí rẹ̀ tí kò wọlé, irun yín kì í tètè mumi, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ máa lò títí dé ìparí. Bí ó bá mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tó sì tún gbẹ kíá, òrí ni kí ẹ má fi dù ú. Èyí tí wọ́n ń ní kí ẹ ju irun sínú gíláàsì omi kí ẹ wò ó bóyá yóò rì, ẹ fi sílẹ̀. Òróró díẹ̀ lára irun ti tó láti mú kó léfòó.

Ìpele 4: Yíyà

Irun wa kì í ṣe ohun tí à ń yà ní gbígbẹ. Awọ orí a máa sun òróró tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí irun bá ti ká, òróró náà á dúró síbẹ̀, kò ní dé ìsàlẹ̀. Ṣóńṣó ló gbẹ jù, òun náà ló sì dàgbà jù lórí. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni òòyà máa ń kọ́kọ́ kọlù.

Ẹ tú ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà. Kí omi wà lára rẹ̀ dáadáa. Ẹ bu kọndíṣọ́nà kún àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi pa á láti ṣóńṣó wá sókè, títí irun á fi máa yọ̀ bọ́rọ́bọ́rọ́ lọ́wọ́ bí ilá. Bí kò bá yọ̀ bẹ́ẹ̀, kò tíì tó. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka ya á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ òsì di àárín irun mú gírí kí ìfàyà má baà dé awọ orí, ẹ wá fi òòyà ya sẹ̀ǹtímítà 3 tó kẹ́yìn. Bí ìyẹn bá ti ń lọ geere, ẹ gun òkè díẹ̀. Ẹ tún gun òkè. Ìdí ni ẹ máa yà gbẹ̀yìn.

Bí òòyà bá dúró, ẹ má fà á. Ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ fín omi, ẹ fi kọndíṣọ́nà kún un, ẹ fi ìka wá kókó náà, kí ẹ sì fa fọ́nrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè kókó náà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tó pa èèrà á rí ìfun rẹ̀. Kókó kan tí ẹ kò lè tú lẹ́yìn gbogbo èyí, àgàgà èyí tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ tí fọ́nrán kan ṣoṣo ta lára ara rẹ̀, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e lókè kókó náà. Ìyẹn kì í ṣe àdánù. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, á tún fa àwọn mìíràn mọ́ra.

Bí ọmọ ni ẹ ń yà fún, ẹ jẹ́ kó sinmi lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń sunkún máa ń fa orí sẹ́yìn, ìfàsẹ́yìn yẹn sì ń já irun ju òòyà lọ.

Ẹ lọ́ ọ padà bí ẹ bá yà á tán, ẹ bọ́ sórí òmíràn. Bí mẹ́jọ bá pé, ẹ fi ọ̀rá bo orí fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó fi omi ṣàn án láìtú u.

Àyẹ̀wò: ẹ kó irun tó wà lára òòyà sórí aṣọ funfun. Bí púpọ̀ nínú wọn bá gùn tí wọ́n sì ní kókó funfun ní ìdí, iṣẹ́ ti dára. Bí ó bá jẹ́ gígé kéékèèké ló pọ̀, ọwọ́ yín ti yá jù tàbí kọndíṣọ́nà ti kéré jù.

Ìpele 5: Omi, lẹ́yìn náà òrí

Òrí kì í ṣe omi. Gbólóhùn yìí ló yẹ kí n kọ sí iwájú ilé onídìrí gbogbo. Iṣẹ́ òrí ni láti dí ọ̀nà kí omi tó wà nínú irun má tètè jáde. Ẹni tó bá fi pa irun gbígbẹ ti há ọ̀gbẹlẹ̀ mọ́ inú.

Ẹ fi síngílẹ́ẹ̀tì fún omi kúrò títí irun kò fi kán tótó mọ́, ṣùgbọ́n kó ṣì tutù. Ẹ bu òrí ìwọ̀n èkúrọ́ kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí á fi di òróró, ooru ara ti tó láti yọ́ ọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó. Awọ orí kò nílò rẹ̀, pàápàá orí tó ń já ìyẹ̀fun funfun. Òróró lórí irú awọ bẹ́ẹ̀ máa ń mú kó pọ̀ sí i ni.

Bí irun bá rọ̀ tó sì ń dán láìjẹ́ pé ọwọ́ yín ń yọ̀ fún òróró, ó tó.

Ìpele 6: Fífi òwú kó o

Ìdí tí mo fi yan irun kíkó dípò díráyà ni pé òwú ń na irun tán láìlo iná, ó sì ń fi ṣóńṣó pamọ́. Àwọn ìyá wa tí irun wọn kún títí ọjọ́ ogbó, òwú ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí irun fẹ́ gbẹ. Irun tó rin gbindin máa ń nà, bí ẹ bá so ó le ní nínà bẹ́ẹ̀, á súnkì bó bá ṣe ń gbẹ, á sì máa fa awọ orí ní gbogbo òru.

1. Ẹ gé òwú ní ìwọ̀n apá kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí ojóbó lè wà ní orí kan.
2. Ẹ fi òòyà onírù la irun, kí ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Méjìlá sí mẹ́rìndínlógún ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́.
3. Ẹ fi òwú yí ìdí irun ká, ẹ ki ẹnu rẹ̀ gba inú ojóbó, ẹ fà á títí yóò fi dúró. Kó dúró nìkan ni, kó má fún.
4. Ẹ wé e ní ìdí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n fara kan ara wọn. Bí awọ orí bá gbé sókè wúlẹ̀, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe.
5. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ na irun pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí èkejì máa wé òwú lọ sísàlẹ̀, kí àyè díẹ̀ máa wà láàárín ìwé kan sí èkejì. Èyí ni a lè wé le díẹ̀, torí kò kan awọ orí.
6. Bí ó bá ku sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ wé e pọ̀ pẹ́kípẹ́kí, ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó padà sókè, ẹ wé òwú lé e mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ta á ní kókó.

Irun etí àti ti iwájú orí ni ẹ máa kó kẹ́yìn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Irun tó bá fa ojú, tí ẹ ò lè rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀, tí ìléròrò wẹ́wẹ́ sì yọ sí ìdí rẹ̀, kì í ṣe ẹwà. Ẹ tú u lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má retí kó "dẹ̀ fúnra rẹ̀". Bí ìfà yìí bá ń bá a lọ lọ́dọọdún, ihò irun á kú, ohun tó bá sì ti kú níbẹ̀ kò ní hù mọ́.

Ẹ tọ́ ọ wò: ẹ mi orí sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọdọ̀ dùn yín. Ẹ fọwọ́ kan ìkọ̀ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ṣóńṣó tó yọ síta.

Bí ọjọ́ títú bá dé, láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti tú u. Ẹ má fi abẹ gé òwú, òwú àti irun jọ dúdú.

Títí di ìgbà tó ń bọ̀

Ẹ wọ fìlà sátìnì sùn, aṣọ òwú ìrọ̀rí máa ń fa omi mu. Irun kíkó lè dúró fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, irun dídì fún ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tó bá fẹ́ kó pé oṣù mẹ́ta, kí ó padà lọ ka ìpele 1. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fín omi sí i ní ọjọ́ méjì-méjì, ẹ fi òrí fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Lásìkò òjò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Ohun tí ó kọjá ti ilé

Bí irun àtàrí bá ń fẹ́lẹ́ sí i, tí ibẹ̀ ń yún tàbí ń ta, tí ó sì ń gbòòrò sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tètè lọ rí dókítà awọ ara. Òróró kankan kò lè dá irú rẹ̀ dúró, ìdádúró sì ń jẹ́ kí àpá gba ibẹ̀. Làpálàpá orí ọmọ náà ń fẹ́ oògùn mímu láti ilé ìwòsàn. Oògùn pípa kì í wọlé dé ìdí irun. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbóná fọ gbogbo òòyà ilé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀.